Orogún Tí Kì Í Mu Omi

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka ojú ewé yìí, ta ni nínú yín ló ti bá mọ́tò du ọkọ rí? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ yìí, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Onídìrí ni. Òun ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n kọ ọ́, kí n má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí n má bá òun bo ibi tó burú níbẹ̀. Mo sì gbà fún un.

Sọ̀fíyọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Kì í mutí, kì í wo obìnrin kiri. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbà á lọ́kàn wà nínú gáràájì.

Mọ́tò eré ìje kan ni, aláwọ̀ ewé, kúkurú, ìdí ẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, iná iwájú ẹ̀ méjèèjì ranjú síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, kò sì ní rèdíétọ̀ rárá. Ẹ̀kán omi kan ò sí nínú ẹ̀. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì náà lára kó má baà gbóná jù, ọ́ìlì á sì bá a gbé ooru tó kù.

Sọ̀fíyọ̀ á ní, "Ìran tó kẹ́yìn nìyí o! Lẹ́yìn èyí, àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi sí i. Ó yá sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti lọ. Gbọ́ ohùn yẹn ná!"

Ká sòótọ́, kì í ṣe òun nìkan ló ń ya wèrè ẹ̀. Tó bá gbé e dé ilé epo, àwọn èèyàn á fi mọ́tò tiwọn sílẹ̀, wọ́n á yí i ká. Mọ́tò tuntun tó ní tẹlifíṣàn níwájú ń kọjá, ẹnì kankan ò bojú wò ó. Bàbá arúgbó kan tiẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn báyìí, omi gba ojú ẹ̀. Ó ní òun ti búra láti kékeré pé òun á ra ọ̀kan, ọmọ ló jẹ owó náà tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan án kí n gbọ́," ó wí. Sọ̀fíyọ̀ tan án, bàbá náà dijú.

Mọ́tò náà ti wà nílé kí ìyàwó tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ̀ mú un lọ sí gáràájì. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ kí Ìyáálé yín o. Ẹni a bá nílé lọ̀gá ẹni." Òun náà kúnlẹ̀ fún bọ́ńpà, gbogbo wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro wọ́n. Orúkọ náà sì mọ́ mọ́tò lára. Ìyáálé.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán.

Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù onídìrí yìí kọjú sí gáràájì. Gbogbo Sátidé ló ń dirun fún àwọn oníbàárà, ojú ẹ̀ á sì wà lára ọkọ ẹ̀. Á rí i tó kúnlẹ̀, tó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ìdí iná, tó ń fẹ́ ẹnu sí eruku, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bá a sọ̀rọ̀! "Pẹ̀lẹ́, màmá. Ó ti tó, ó ti tó."

"Ta ló ti fi ohùn yẹn kí mi rí?" ó máa ń wí sínú.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ àti oníbàárà ẹ̀. Ẹlẹ́nu mímú ni. Á ní, "Ìwọ Ìyàwó Kékeré, fara balẹ̀. Ìyáálé ló ń lo Sátidé. Tìẹ ni Túsìdeè." Ṣọ́ọ̀bù á pariwo ẹ̀rín. Onídìrí á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, á sì fa irun onírun le ju bó ṣe yẹ lọ.

Tí Sọ̀fíyọ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́tò náà fún un, á dá a dúró. "Ẹ má bá mi sọ ọ́. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò."

Irọ́ ni. Ta ló mọ orogún tó orogún ẹ̀? Gbogbo ohun tí ọkọ ẹ̀ ń sọ ló ń wọ̀ ọ́ létí. Ó mọ iye atẹ́gùn tó ń lọ sí táyà. Ó mọ ibi tó ti ń dún tí kò yẹ kó dún. Ó sì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì gan-an ò mọ̀. Ọ́ìlì Ìyáálé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò nígbà tó bá tutù. Wọ́n á wà á títí á fi gbóná, wọ́n á gbé e sí ibi tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fa géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ. Tó bá tutù, ọ́ìlì á ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, géèjì á sì jáde ní gbígbẹ bó tilẹ̀ kún. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti tán, á tún da òmíràn lé e, á sì fọwọ́ ara ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀.

Ó wá ku díẹ̀ kí ọjọ́ ìbí onídìrí pé. Ẹnì kan gbé ẹrù wá sí ṣọ́ọ̀bù, orúkọ Sọ̀fíyọ̀ ló wà lára ẹ̀. Ó tú u wò. Aṣọ ni, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó nípọn.

"Ó rántí mi!" Ó ta á sára níwájú dígí, ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ó gùn o. Ṣé kóòtù ni àbí bùláńkẹ́ẹ̀tì? Kí sì ni ti etí méjì tó wà lára ẹ̀ yìí?"

Ibẹ̀ ni Sọ̀fíyọ̀ wọlé. "Áà! Ó ti dé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọ́lẹ̀. Ibi tí dígí ẹ̀gbẹ́ Ìyáálé máa wọ̀ ni etí yẹn." Ó rọra bọ́ ọ kúrò léjìká ìyàwó ẹ̀, ó gbọn irun tó lẹ̀ mọ́ ọn dànù. "Ìpàdé àwọn ọlọ́mọ́tò àtijọ́ di Sọ́ńdè yìí. Aṣọ tuntun ló máa wọ̀ lọ."

Sọ́ńdè yẹn gan-an ni ọjọ́ ìbí ìyàwó.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sọ̀fíyọ̀ ò wo ojú ìyàwó ẹ̀. Ó ti gbé aṣọ náà dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí yíjú padà. "Ìwọ náà bọ́ sínú ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ká jọ lọ."

"Kí n lọ jókòó sórí ẹsẹ̀ orogún? Ẹ máa lọ."

Owú burú, ẹ̀yin tèmi!  Ó ní gbogbo ara òun ló ń ta òun bí ẹni tí wọ́n da ata sí.

Nígbà tó di Fúráìdeè, Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì dé láti wá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Òun ló kọ́ Sọ̀fíyọ̀ ní mọ́tò wíwà nígbà tí Sọ̀fíyọ̀ ò tíì hu irùngbọ̀n. Nínú ìlú náà, òun nìkan ló mọ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tú, gbogbo ọlọ́mọ́tò àtijọ́ ló sì ń gbé tiwọn wá bá a. Èèyàn gidi ni. Díráyà tí onídìrí fi ń gbẹ irun oníbàárà tó kú, òun ló jí i dìde láìgba kọ́bọ̀.

Ó parí iṣẹ́, ó nuwọ́. "Ìyàwó wa, Ìyáálé yín ti yó o." Ó fi gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan tí kò tíì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ti ìgbà mìíràn ni.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, iṣẹ́ pàjáwìrì pe Sọ̀fíyọ̀, ó lọ wọn ilẹ̀. Onídìrí ò ní oníbàárà kankan títí di ọ̀sán. Ọwọ́ tó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo gáràájì.

"Mi ò ní bà á jẹ́," ó sọ fún ara ẹ̀. "Kó kàn wúkọ́ díẹ̀ ni. Kó dójú tì í lójú àwọn tó ń pọ́n ọn lé."

Ó wọlé lọ bá a. Ó ṣí aṣọ tuntun náà, ó gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè, ó fi ìdí aṣọ ara ẹ̀ di ìdérí ọ́ìlì mú, ó yí i. Ó fa géèjì jáde. Ó gbẹ, bó ṣe mọ̀ pé ó máa gbẹ. Ó gbé gálọ́ọ̀nù, ó ki àrọ bọ ẹnu ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.

"Mu," ó wí fún un. "Ṣebí ìwọ kì í mu omi. Mu èyí."

Ó da gbogbo ẹ̀ tán. Ó dá gálọ́ọ̀nù òfìfo padà síbi tó wà, ó nu gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí Sọ̀fíyọ̀ dé, ó bá ìyàwó ẹ̀ tó ń kọrin.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé Ìyáálé padà wálé.

Sọ̀fíyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ojú ẹ̀ ti fún pọ̀. "Níwájú gbogbo ayé," ó wí. "Mo ní kí n tò sẹ́yìn àwọn yòókù báyìí, èéfín funfun bo gbogbo pápá. Àwọn èèyàn ń sá, wọ́n rò pé iná ni. Mo yẹ ọ́ìlì wò pẹ̀lú ooru ẹ̀. Ó ti kún kọjá ààlà, ó ń dà sí ibi tí kò yẹ kó dé. Wọ́n ti fa èyí tó lé dànù kí n tó kúrò níbẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ìyàwó ẹ̀ dáhùn. Inú ẹ̀ ń jó ijó ayọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀ wọ gáràájì, ó gbé gálọ́ọ̀nù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mì í. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ijó náà dúró.

Sọ̀fíyọ̀ ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti da odindi gálọ́ọ̀nù lé ọ́ìlì tó ti pé. Kí ló dé?"

"Èmi kẹ̀? Mo fi gálọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ lẹ́nu ẹ̀."

"Ṣé ọ́ìlì wá dìde fúnra ẹ̀, ó rìn wọlé lọ ni?"

"Àbúrò, láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ mí, ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí?"

"Àgbà ti ń dé sí yín. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ sọ pé ẹ gbàgbé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Ó yíjú sí onídìrí. "Ìyàwó, ìwọ lo wà nílé. Ẹnikẹ́ni ò wọ ibí yìí ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ló ti lè sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkọ ì bá bínú, ì bá pariwo, ì bá parí síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo mọ̀ nípa mọ́tò?" ó wí. "Èmi ò rí ẹnì kankan."

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ gáràájì tí wọ́n ti fún un látọjọ́ pípẹ́, ó gbé e lé orí ọwọ́ Sọ̀fíyọ̀, ó sì lọ.

Gbogbo àwọn tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà ti rí èéfín. Wọ́n bi Sọ̀fíyọ̀, ó sì sọ ohun tó gbà gbọ́ fún wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kó mọ́tò wọn kúrò lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ẹ̀ ò dúró mọ́, wọ́n ní. Àgbà ti dé.

Sọ̀fíyọ̀ wá mẹkáníìkì mìíràn. Èyí tó kọ́kọ́ dé gbé kẹ́tùlù omi lọ́wọ́, ó ń yí mọ́tò ká, ó ń wá ibi tó máa dà á sí. Sọ̀fíyọ̀ ní kó máa lọ ilé. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra ẹ̀ ò wọ gáràájì mọ́.

Onídìrí wá rí Sátidé gbà. Ọkọ ẹ̀ wà nínú pálọ̀, ó jókòó tì í, ó dákẹ́ bí odi. Ó se oúnjẹ tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ràn, ọkùnrin náà jẹ ẹ́, ó ní o ṣeun. Obìnrin náà wọ aṣọ tuntun, ọkọ ẹ̀ ní ó dára. Ẹni tó ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní ọ̀rọ̀ kankan tó máa bá èèyàn sọ.

"Ẹ tà á," obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan. Ó rò pé tí òkú bá kúrò nílé, ọ̀fọ̀ á tán. "Ọ̀gá Òtẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ̀ yín tipẹ́ pé kí ẹ tà á fóun. Ṣebí kò sẹ́ni tó lè tọ́jú ẹ̀ mọ́."

Sọ̀fíyọ̀ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Pè é."

Ọ̀gá Òtẹ́ẹ̀lì ò tiẹ̀ fẹ́ wà á. Ó fẹ́ gbé e sí àárín pálọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀ káwọn àlejò máa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, ó gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì dání, ó ní òun gbọ́ pé ó máa ń mu ún. Sọ̀fíyọ̀ wọlé lọ mú ìwé ọkọ̀. Ó ku onídìrí àti Ọ̀gá Òtẹ́ẹ̀lì nínú gáràájì.

Ọ̀gá fa géèjì jáde. "Háà! Ẹ wò ó, ó gbẹ táútáú! Báyìí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú mọ́tò?" Ó ṣí gálọ́ọ̀nù ẹ̀, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì.

Onídìrí rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọ́ìlì á kún, wọ́n á tan mọ́tò, èéfín á bo ilé, Ọ̀gá á ní òun ò rà mọ́. Ìyáálé á wà níbẹ̀ títí ayé.

"Ọ̀gá, ẹ dúró! Ẹ má dà á!" Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ó kún! Tó bá ti tutù, bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbẹ. Ẹ tan án kó gbóná kí ẹ tó wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló gbẹ lọ́jọ́ tí mo da tèmi sí i, tó sì..."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ó gbé ojú sókè, Sọ̀fíyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí o ṣe kí ni?"

Ọ̀gá Òtẹ́ẹ̀lì gbé gálọ́ọ̀nù ẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn," ó wí, ó sì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Onídìrí ò lè sá mọ́, ó bú sẹ́kún. "Ẹ ò fi ojú tí ẹ fi ń wò ó wò mí rí! Ọjọ́ ìbí mi ni, aṣọ lẹ rà fún un! Ọdún wo lẹ nu ojú tèmi báyẹn? Mo jowú, bẹ́ẹ̀ ni, mo jowú! Mo fẹ́ kí ẹ rí mi!"

Sọ̀fíyọ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀.  Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Èmi jẹ ẹ́ ní gbèsè ìyẹn. Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Kí ló ṣe fún ẹ?"

Onídìrí fi etí aṣọ ẹ̀ bo ojú.

"Mo pe àgbàlagbà ní arúgbó aláìníyè. O dúró síbẹ̀, ò ń wò mí."

Wọ́n jọ lọ bá Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì. Àgbàlá tí mọ́tò àtijọ́ máa ń kún ti ṣófo. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló ń tún ṣe lórí bẹ́ǹṣì. Sọ̀fíyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Onídìrí kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ọkùnrin náà gbé sípánà sílẹ̀. 

"Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi fúnra mi ti gbà á gbọ́?" ó wí. "Mo máa ń jí, mo máa ń wo ọwọ́ mi. Mo ní bóyá lóòótọ́ ni mo gbàgbé. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ńlá mọ́ láti ìgbà náà." Ó wo onídìrí. "Dìde, ìyàwó. Kì í ṣe orúnkún ẹ ni mo fẹ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo bà á jẹ́, lọ bá wọn, kí o sọ ẹni tó bà á jẹ́ fún wọn."

Ó sì lọ. Ilé dé ilé ni onídìrí lọ, ó ń kanlẹ̀kùn ọlọ́mọ́tò àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Èmi ni, owú ló kó bá mi." Àwọn kan padà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì. Àwọn kan ti rí ibòmíràn. Àwọn kan kàn fi í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní obìnrin tí kì í jowú, ọbẹ̀ ẹ̀ kì í dùn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o da gbogbo iyọ̀ ilé sínú ìkòkò, kí o wá ní aládùúgbò ló bu ú? Ká ní ó ti sọ fún ọkọ ẹ̀ pé "ó ń dùn mí," ì bá ti tó. Ọkùnrin náà ì bá gbọ́.

Sọ̀fíyọ̀ ò ta Ìyáálé, ṣùgbọ́n kò sí nílé mọ́. Àgbàlá Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì ló gbé e lọ. Ní gbogbo Sátidé, tó bá ti mu tíì tán, á dìde, á lọ bá wọn, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà.

Ní Sátidé tó kọjá, ìyàwó ẹ̀ múra, ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Mo fẹ́ jókòó sínú ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn tí ẹ ń sọ."

Sọ̀fíyọ̀ wò ó dáadáa. Ó wo ojú ẹ̀, bí obìnrin náà ṣe ti ń fẹ́ kó wo òun látìgbà tó ti wọlé ọkọ.

"Ẹ̀gbọ́n ní òun ti dárí jì ẹ́," ó wí. "Ó ní ṣùgbọ́n òun ò tíì lè máa ṣiṣẹ́, kí o wà lẹ́yìn òun, kọ́kàn òun balẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ó sì jáde. Obìnrin náà jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì lórí itan ẹ̀, títí oníbàárà àkọ́kọ́ fi dé.